Òjò rọ̀ sí aṣálẹ̀ Ọsirélíà, adágún iyọ̀ wá kún fún ẹyẹ: níbo ni gbogbo wọn wà tẹ́lẹ̀?

AjíbádéAdelaide (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Adelaide, ní Ọsirélíà. Lóṣù Agẹmọ yìí, ọdún 2025, èmi àti ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa méjèèjì gba ìsinmi, a wakọ̀ ju kìlómítà 600 lọ sí abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Marree. Ibẹ̀ la ti wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré, kí á lè wo adágún Kati Thanda láti òkè. Lake Eyre ni àwọn òyìnbó ń pè é. Kati Thanda ni orúkọ tí àwọn Arabana tó ni ilẹ̀ náà fún un, láti 2012 sì ni ìjọba ti ń kọ orúkọ méjèèjì pa pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀. Kò sí ibi tó rẹlẹ̀ tó o ní gbogbo ilẹ̀ Ọsirélíà, ó fi bíi mítà 15 wà nísàlẹ̀ ojú òkun. Lọ́pọ̀ ọdún, ẹ ò ní rí ẹ̀kán omi níbẹ̀. Iyọ̀ ni gbogbo rẹ̀, funfun báláú, ó sì le débi pé lọ́dún 1964, orí rẹ̀ ni Donald Campbell ti wa ọkọ̀ rẹ̀ ní eré kìlómítà 648 ní wákàtí kan, eré tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà náà gẹ́gẹ́ bí èyí tó yá jù lọ láyé fún mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ fún odindi ọdún kì í sábà tó èyí tí Ìbàdàn ń rí lóṣù kan ṣoṣo nígbà òjò.

Ohun tí mo rí nìyí. Omi lọ títí ojú ò tó o mọ́. Apá kan pọ́n bí omi àgbàrá, apá kan ń dán bíi dígí, etí rẹ̀ lápá kan sì ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ẹyẹ òfú to ara wọn sórí omi bí ìgbà tí alágbàfọ̀ bá sá aṣọ funfun sórí koríko. Ewéko ti bo ilẹ̀ tí mo mọ̀ sí erùpẹ̀ pupa lásán, òdòdó yẹ́lò àti elése àlùkò sì tẹ́ lọ bí ẹní. Àwọn ayékòótọ́ kékeré aláwọ̀ ewé ń fò lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wọn fi ń rìn lórí ilẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá bi mí pé, "Dádì, nígbà tí omi ò sí, níbo ni gbogbo wọn wà?" Mi ò rí èsì fún un. Ìdí tí mo fi kọ̀wé síbí nìyẹn.

---

ÌyáÀdùkẹ́

Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, òjò yẹn, ṣé orí adágún náà gan-an ló rọ̀ sí?

---

AjíbádéAdelaide

Rárá o, ìyá wa. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. Ìpínlẹ̀ Queensland, tó jìn réré sí ibẹ̀, ni òjò náà ti rọ̀, ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà. Àwọn ìlú kan rí òjò ọdún kan láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní Adavale, wọ́n ní láti kó àwọn èèyàn kúrò nílé. Omi wọ Jundah, ó wọ Thargomindah. Láwọn ibì kan, omi náà ga ju ti 1974 lọ, bẹ́ẹ̀ ìkún omi 1974 yẹn ni àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ.

Àwọn odò ńlá mẹ́ta kan wà ní agbègbè yẹn, Cooper Creek, Diamantina àti Georgina, kò sí èyí tó ń ṣàn lọ sókun nínú wọn. Àárín ilẹ̀ ni wọ́n ń dojú kọ, sí Kati Thanda. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń wọ́ lọ síbẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo Ọsirélíà. Àmọ́ ilẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, odò á pín sí ogún, á pín sí ọgọ́rùn-ún, á máa fà díẹ̀díẹ̀. Òjò Ẹrẹ́nà yẹn, ó di oṣù Èbìbí kí omi rẹ̀ tó dé adágún. Nígbà tó fi dé, kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run níbẹ̀. Omi kàn ń wọ́ bọ̀ láàárín oòrùn ni. Wọ́n ní láti 1974, omi ò tíì gba ilẹ̀ tó báyìí níbẹ̀.

---

Tíṣà_Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n Ajíbádé, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ọdún kejìdínlógún rèé, ìbéèrè tó dára tó báyìí kì í wọ́pọ̀.

Ọ̀nà méjì ni èsì rẹ̀ pín sí. Àwọn kan ò kúrò níbẹ̀ rárá. Àwọn kan ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí kò kúrò.

Nínú iyọ̀ àti ẹrẹ̀ tó gbẹ yẹn, ẹyin edé wà níbẹ̀ tó kéré ju iyanrìn lọ, wọn ò ṣeé kà. Irú edé tó ń gbé omi iyọ̀ ni. Ẹyin wọn kì í ṣe ẹyin tó ń bàjẹ́. Nígbà tí ọmọ inú rẹ̀ bá ti dàgbà dé ìwọ̀n kan, á dáwọ́ dúró, ara rẹ̀ á gbẹ, nǹkan kan ò ní máa ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Oòrùn á pa á, atẹ́gùn á gbé e, ọdún á gorí ọdún. Ọjọ́ tí omi bá kàn án, ó jí. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ń pè ní shield shrimp nínú omi tí kò níyọ̀: orí rẹ̀ bo bí apata jagunjagun, ojú mẹ́ta ló ní. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, á ti pa, á ti dàgbà, á ti yé ẹyin tirẹ̀ sínú ẹrẹ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé omi náà kò ní pẹ́ lọ.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà. Kí omi tó gbẹ, á mu omi títí, á tọ́jú rẹ̀ sínú àpòòtọ̀ rẹ̀, á wá gbẹ́lẹ̀ wọlé. Níbẹ̀, awọ ara rẹ̀ á máa bọ́, ṣùgbọ́n kò ní já dànù, á di bí àpò tó wé e lára láti orí dé ẹsẹ̀ kí omi má baà jáde. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Àwọn onílẹ̀ tó mọ aṣálẹ̀ náà mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́. Bí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n, wọ́n á wú u jáde, wọ́n á rọra fún un, wọ́n á mu omi inú rẹ̀.

Nítorí náà ẹ sọ fún ọmọ pé wọ́n wà níbẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá ni wọ́n wà.

---

ÌyáÀdùkẹ́

Olúwa ò! Bí èsúnsún tiwa nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì òjò, ilẹ̀ á ya, gbogbo wọn á tú jáde, àwọn ọmọdé á sì gbé ọpọ́n omi sábẹ́ iná láti mú wọn.

---

Àgbẹ̀Òkèògùn

Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ọ̀rọ̀ yín yé mi, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní Ìsẹ́yìn, àkọ́rọ̀ òjò ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Òjò kan ṣoṣo á rọ̀, ilẹ̀ á rọ̀, ọkàn á balẹ̀, gbogbo wa á sáré gbin àgbàdo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kọjá, òjò ò ní rọ̀ mọ́. Àgbàdo tó ti hù á rọ, á gbẹ, owó irúgbìn ti lọ nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi gbá owó jọ tún ra irúgbìn.

Bí àwọn ẹyin yẹn bá wá jí sí òjò tí kò tó ńkọ́? Ẹyin ogún ọdún á kàn pa dànù sínú omi ọjọ́ mẹ́ta? Ṣé wọn ò ní tán láyé ni?

---

Tíṣà_Ọ̀yọ́

Ẹ ṣé, bàbá. Ojú àgbẹ̀ lẹ fi wò ó, ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jí. Ẹyin ọgọ́rùn-ún lè wà nínú ẹrẹ̀ kan náà, láti inú ìyá kan náà, kí omi kan náà kàn wọ́n, kí apá kan pa, kí ìyókù máa sùn lọ. Bí omi ọ̀hún bá gbẹ kí wọ́n tó dàgbà, àwọn tó kù ṣì wà fún òjò mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni irúgbìn òdòdó aṣálẹ̀: èyí tó hù lọ́dún yìí, àbúrò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí kò hù.

Àwọn irúgbìn kan tún ní ọgbọ́n kejì. Oje kan wà lára èèpo wọn tó ń dí wọn lọ́wọ́ láti hù. Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó di ìgbà tí òjò bá rọ̀ débi tí ilẹ̀ mu ún wọlé jinlẹ̀ kí oje náà tó ṣàn dànù. Ìyẹn ni pé irúgbìn náà ń wọn òjò kó tó gbà á gbọ́.

---

Àgbẹ̀Òkèògùn

Bàbá tó bí mi lọ́mọ kì í gbin ju ìdajì irúgbìn rẹ̀ lọ sí àkọ́rọ̀ òjò. Ìdajì tó kù, inú akèrègbè lókè àjà ni. A máa ń rò pé ojo ni. Ẹ ṣé gan-an.

---

Lékeléke77

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti àwọn ẹyẹ, nítorí ìfẹ́ ẹyẹ ló gbé mi dé ojú òpó yìí.

Ẹyẹ kan wà ní Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní banded stilt. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tín-ín-rín, ara rẹ̀ funfun, apá rẹ̀ dúdú, ó sì ní ìgbàyà pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹni fi obì kùn ún. Etí òkun ló ń gbé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń rí i tí wọn ò rí ìtẹ́ rẹ̀, tí wọn ò rí ẹyin rẹ̀. Ó di 1930 kí wọ́n tó rí i, ní àárín ilẹ̀, lórí adágún iyọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Edé tí tíṣà sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ló ń tẹ̀ lé. Bí edé ò bá jí, kì í yé.

Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré tí sátẹ́láìtì ń rí mọ́ wọn lára. Òjò rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn réré, láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn ẹyẹ náà gbéra. Ọ̀kan nínú wọn fò ju kìlómítà 2,000 lọ, ọ̀pọ̀ ìrìn náà sì jẹ́ lóru. Kò lọ wò ó kó tó padà wá pe ẹgbẹ́ o. Ó kàn dìde, ó dorí kọ ibi tí òjò wà ni. Àwọn kan ń sọ pé ó ń gbọ́ ìró òjò tí etí èèyàn kò lè gbọ́, àwọn kan ní òórùn ni. Wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀.

Ọ̀tá wọn níbẹ̀ ni ẹyẹ òkun funfun tí wọ́n ń pè ní silver gull. Àwọn wọ̀nyí ń yó lórí ààtàn àwọn ìlú tó wà nítòsí aṣálẹ̀, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí stilt bá ti yé tán, wọ́n á ya bo ẹyin àti ọmọ, wọ́n á jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Lọ́dún 2000, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní láti máa pa gull lórí Kati Thanda kí ọmọ stilt tó ráyè dàgbà. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ààtàn tí èèyàn dà ló bọ́ ọ̀tá wọn yó.

---

Ẹnjiníà_Gàníyù

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ omi. Omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wá lọ gbẹ sínú iyọ̀. Oòrùn ibẹ̀ ń fa ju mítà méjì omi lọ lọ́dún. Ilẹ̀ gbígbẹ ni gbogbo àyíká, àwọn èèyàn ń wá omi. Kí ló dé tí wọn ò kọ́ dáàmù sórí àwọn odò yẹn? Lójú tèmi, òfò ni.

---

MàmáỌlọ́sìn

Èmi fara mọ́ Ẹnjiníà. Mo sì fẹ́ fi kún un pé láti àárọ̀ la ti ń yin òjò yìí, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ẹran. Mo ń sin àgùntàn àti ewúrẹ́. Mo gbọ́ ìròyìn Queensland lóṣù Ẹrẹ́nà, mo rí fídíò àgùntàn tó dúró sórí òkìtì pẹ̀lú omi yí wọn ká, mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Dáàmù ì bá ti gbà wọ́n.

---

AjíbádéAdelaide

Ẹ má bínú, màmá. Òótọ́ ni, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹran ọ̀sìn tó kú tàbí tó sọnù nínú ìkún omi yẹn lé ní 100,000. Ọgbà tó wó lọ jìn ju ohun tí ẹnu lè sọ. Ọkùnrin kan tí a jọ jókòó ní Marree, ará ìhà Windorah ní Queensland ni, ó ní hẹlikọ́pítà ni òun fi ń ju koríko fún àwọn màlúù tó kù. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó tún sọ nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè Ẹnjiníà gan-an. Ó ní àwọn ọlọ́sìn fúnra wọn ni kò gbà kí wọ́n dí odò náà. Lọ́dún 1995, àwọn kan wá pẹ̀lú ètò pé àwọn fẹ́ fa omi Cooper Creek gbin òwú ní Currareva, lẹ́bàá Windorah. Àwọn ọlọ́sìn, àwọn onílẹ̀ àtàwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pawọ́ pọ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba kò fọwọ́ sí i. Ní 2000, ìjọba àpapọ̀, Queensland àti Gúúsù Ọsirélíà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú àwọn odò náà.

Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ni pé ìkún omi yẹn kan náà tó ń pa ẹran ló ń bọ́ ẹran. Nígbà tí omi bá tàn ká ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn, tó sì fà, koríko tó ń hù níbẹ̀ ló ń mú màlúù sanra láìjẹ́ pé wọ́n ra oúnjẹ kankan. Bí dáàmù bá gba omi náà sókè, koríko ìsàlẹ̀ ti tán. Wọ́n sì ti rí àpẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: odò Darling, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ sí oko òwú. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019, ní Menindee, ẹja bíi mílíọ̀nù kan kú sínú omi tó kù díẹ̀ tó ti dọ̀tí. Mo rí fọ́tò rẹ̀ nígbà náà, ojú omi funfun fún ikùn ẹja.

---

Àgùnbánirọ̀Nguru

Ọ̀rọ̀ dáàmù yìí ló mú mi wọlé. Mi ò dé Ọsirélíà rí, ṣùgbọ́n Nguru ní ìpínlẹ̀ Yobe ni mo ti sin ìlú, mo sì mọ ilẹ̀ omi Hadejia-Nguru dáadáa.

Ẹnjiníà, ẹ gbọ́. Lókè, ní ìpínlẹ̀ Kánò, wọ́n kọ́ dáàmù Tiga, ó parí ní 1974. Dáàmù Challawa Gorge tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 sí 1999. Ó ran àwọn ará òkè lọ́wọ́, èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ìkún omi tó máa ń tàn ká ilẹ̀ lọ́dọọdún dín kù. Dípò kí omi wá lẹ́ẹ̀kan kó sì lọ, ó wá ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọdún, ìyẹn sì ni koríko gíga kan tí wọ́n ń pè ní typha fẹ́. Ó dí ojú omi pa. Bàbá apẹja tí mo yá yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi òun ti jókòó sórí ilẹ̀, ibi tó ń dẹ àwọ̀n sí nígbà èwe ti di igbó. Inú koríko yẹn ni ẹyẹ quelea ń sùn sí, àràárọ̀ ni wọ́n ń jáde láti jẹ ìrẹsì àti ọkà bàbà àwọn èèyàn.

Àwọn ẹyẹ tó ń sá òtútù Yúróòpù, tí wọ́n ń fò la Sahara kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ sí. Àwọn náà nílò kí omi wá, kó sì fà. Nígbà tí a bá pè é ní òfò, a ò tíì bi àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò.

---

Ẹnjiníà_Gàníyù

Mo gbọ́. Mi ò ní sọ pé dáàmù burú, èmi náà ń mu omi dáàmù. Ṣùgbọ́n mo gbà pé nínú ìwé ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa, omi tó bá kọjá lọ, òdo la ń kọ sí iwájú rẹ̀. A kì í ka koríko. A kì í ka edé. Ẹ ṣé, Àgùnbánirọ̀.

---

Bísí_Nairobi

Ẹ kú ilé o. Mo ń gbé ní Kẹ́ńyà, mo sì ní ẹ̀rí mìíràn nípa òjò aṣálẹ̀.

Ní oṣù Èbìbí 2018, ìjì líle Mekunu wọ ilẹ̀ Oman. Nígbà tó di Ọ̀wàrà, Luban tún dé. Òjò méjèèjì rọ̀ sí aṣálẹ̀ ńlá ilẹ̀ Lárúbáwá, Rub' al Khali, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Adágún yọ láàrin iyanrìn, koríko hù. Eéṣú ló rí i. Nígbà tí eéṣú ò bá pọ̀, ó máa ń dá rìn ni, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pọ̀ débi tí ara wọn ń kan ara, ìwà wọn á yí padà, àwọ̀ wọn náà á yí, wọ́n á di ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ìran mẹ́ta ni wọ́n bí níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i. Wọ́n kọjá sí Yemen, sí Sòmálíà, sí Etiópíà. Ní ìparí 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà fún 70 ọdún.

Mo wà ní oko ọ̀rẹ́ wa kan ní àríwá lọ́jọ́ tí wọ́n kọjá. Ọ̀sán gangan, ilẹ̀ ṣú. Ariwo wọn dà bí òjò lórí páànù. Ọ̀wọ́ eéṣú tó bá gba kìlómítà kan níbùú lóròó lè jẹ oúnjẹ èèyàn 35,000 lóòjọ́. Àgbàdo obìnrin yẹn, ìtì lásán ló kù nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́.

---

Tíṣà_Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n Bísí. Òjò kì í ṣojúure fún gbogbo ẹ̀dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, òjò 2015 mú kí òdòdó bo ilẹ̀ gbígbẹ, gbogbo ayé lọ wò ó. Ní 2017, òjò rọ̀ sí àárín aṣálẹ̀ náà gan-an, ibi tó gbẹ jù. Àwọn kòkòrò àìrí tó ń gbé inú ilẹ̀ ibẹ̀, tí àìsí omi ti mọ́ lára, mu omi títí ara wọn fi bẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú. Omi ló pa wọ́n.

---

ÌyáÀdùkẹ́

Bàbá Adelaide, kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹyẹ òfú yẹn nígbà tí omi bá gbẹ? Mò ń ronú nípa wọn láti àná.

---

AjíbádéAdelaide

Ìyá wa, awakọ̀ òfurufú náà sọ ọ́ fún wa, ìyàwó mi sì sunkún díẹ̀.

Bí omi bá ṣe ń fà ni iyọ̀ rẹ̀ ń lágbára. Etí omi tó ń pọ́n tí mo sọ lókè yẹn, ewéko tín-tìn-tín kan ló ń fà á, tó fẹ́ràn iyọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà àwọn ẹja tó bá odò wá á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, nítorí ẹja odò ni wọ́n. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn òfú á yó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ tán. Àwọn àgbà á gbéra, wọ́n á padà sí etí òkun. Àwọn ọmọ tí ìyẹ́ wọn ti gún á tẹ̀ lé wọn, òmíràn á sì já bọ́ lọ́nà. Àwọn tí kò tíì lè fò á kù síbẹ̀.

Lórí ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Eku onírun gígùn kan máa ń pọ̀ lẹ́yìn irú òjò báyìí. Ní Bélú 2023, wọ́n rìn títí dé etíkun àríwá ní Karumba, òkú wọn bo etí omi. Àwòdì kan tó ń ṣọdẹ lóru ń tẹ̀ lé wọn, á máa bímọ léraléra níwọ̀n ìgbà tí eku bá wà. Nígbà tí eku bá tán, ebi á tú wọn ká. Ológbò inú igbó àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí òyìnbó kó wá náà pọ̀ sí i nígbà ọ̀pọ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá kọjá, àwọn ẹran kékeré ilẹ̀ náà tó kù díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Èyí ló ń bí àwọn tó mọ ilẹ̀ náà nínú jù, nítorí ọ̀dá ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ológbò ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi nu ojú tán, ó ní, "Ṣùgbọ́n àwọn edé ti yé ẹyin wọn." Òótọ́ ni. Wọ́n ti yé e sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi yẹn báyìí.

---

Tíṣà_Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ò mọ̀. A ní tiwa.

Lórí àwọn àpáta ìhà àríwá orílẹ̀-èdè wa, kòtò kéékèèké wà tí òjò ń kún, tí oòrùn sì ń gbẹ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ìdin kòkòrò kan wà nínú ẹrẹ̀ wọn, kòkòrò náà jọ ẹ̀fọn àmọ́ kì í jẹ èèyàn. Polypedilum vanderplanki ni orúkọ rẹ̀. Howard Hinton, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Bristol, kọ nípa rẹ̀ ní 1951, nígbà tó sì di 1960 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ìdin yìí lè gbẹ pátápátá. Omi ara rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, irú ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní trehalose á sì rọ́pò rẹ̀, kí ara má baà fọ́. Wọ́n ti bọ èyí tó gbẹ sínú òtútù ìwọ̀n 270 sísàlẹ̀ òdo, ó jí. Wọ́n ti pa á mọ́ ní gbígbẹ fún ọdún 17, wọ́n fi omi sí i, ó jí. Edé àti ọ̀pọ̀lọ́, ẹyin tàbí àpò ló ń dáàbò bò wọ́n. Èyí, ara rẹ̀ gan-an ni.

Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ bu ẹrẹ̀ gbígbẹ lórí àpáta kan, kí á da omi sí i, kí á wo ohun tó máa jáde. Mi ò sọ pé ìdin yẹn ló máa wà níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá jáde, a máa yà á.

---

Àgbẹ̀Òkèògùn

Tíṣà, ẹ wá sí Adó-Àwáyè. Kò jìn sí wa. Lórí òkè yẹn, yàtọ̀ sí adágún Ìyàkẹ tí gbogbo èèyàn ń lọ wò, kòtò wà káàkiri lójú àpáta. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, mo ti mu omi wọn nígbà tí mo ń ṣọdẹ. Ẹ jẹ́ kó di oṣù Èrèlè, nígbà tí ọyẹ́ ti fẹ́ gbogbo rẹ̀ gbẹ. Mo máa mú yín gòkè fúnra mi. Ẹ mú ìgò dání, kí ẹ sì fi orúkọ kòtò sára ìkọ̀ọ̀kan.

---

Tíṣà_Ọ̀yọ́

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá. Omi òjò ni a óò lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, nítorí oògùn inú omi ẹ̀rọ lè pa wọ́n. Mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbe omi òjò pa mọ́ láti ọ̀sẹ̀ yìí kó tó dáwọ́ rírọ̀.

---

AjíbádéAdelaide

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi lálẹ́ yìí, mo ń túmọ̀ ibi tí Yorùbá rẹ̀ ò bá gbé. Ó ní kí n bi tíṣà pé bí wọ́n bá da omi sí i, wákàtí mélòó ni wọ́n máa dúró kí wọ́n tó rí ohun tó mira. Ó ní kí àwọn ọmọ kíláàsì ní Ọ̀yọ́ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ aago rẹ̀ sílẹ̀ fún òun.